Bí Ìbídùn Àwẹ̀ró Ṣe Ka Èémí fún Ìṣẹ́jú Kan Gbáko

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn akin, kó fìdí balẹ̀. Bó bá dé fìlà, kó ṣí i. Bó bá jẹ́ gèlè ló wé, kó so ó le, nítorí orúkọ tí a fẹ́ pè yìí, a kì í pè é lórí ìdúró. Ìbídùn Àwẹ̀ró ni, ọmọ Ọládòṣù. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni wọ́n ti ń gba ọgbẹ́ tiwọn. Ọmọ Ọládòṣù awẹgbò, ọkùnrin tó fi omi gbígbóná àti òwú wẹ egbò ẹsẹ̀ gbogbo ará Ìsàlú-Ọ̀pẹ fún ogójì ọdún, tó jẹ́ pé bí egbò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ti máa jiná kó tó tú báńdéèjì. Ọmọ Ìyá Adérọ́pò, agbẹ̀bí tó fi ọwọ́ méjì gba igba ọmọ ó lé mẹ́tàdínlógún, obìnrin tó jẹ́ pé bí ọmọ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ wáyé, á bá a wí nínú ikùn ìyá rẹ̀, ọmọ náà á tọrọ àforíjì, á sì yí orí sílẹ̀. Irú wọn ló bí Ìbídùn. Ẹkùn kì í bímọ kó bí ológìnní. Bí ẹkùn bá sì wá bí ohun tó jọ ológìnní, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dàgbà ná.

Ìbídùn kò já wọn kulẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba ìlú náà, mẹ́wàá nínú rẹ̀ ló sì fi jẹ́ olórí Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin. Àràbà inú aṣọ funfun ni. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mu ṣítáàṣì débi pé bó bá fẹ́ jókòó, aṣọ náà á kọ́kọ́ ronú kó tó gbà láti tẹ̀. Bí bàtà rẹ̀ bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò, kò, kò, aláìsàn tó ń kérora á gbé ìkérora rẹ̀ mì, ẹni tó ti ń wo ọ̀nà ọ̀run á sì padà wá gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún un. Ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í darí igbó. Òjò àárọ̀ tí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó sá aṣọ. Ní àyà rẹ̀ lápá òsì, níbi tí àwọn ajagun máa ń há àmì ẹ̀yẹ mọ́, ni aago àyà rẹ̀ wà, aago fàdákà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi píìnì há mọ́ aṣọ, tí ìyá rẹ̀ ta àgbò méjì kó tó lè rà á fún un lọ́jọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́. Idà ni aago náà jẹ́ fún Ìbídùn. Bó bá ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, á fi ìka méjì gbé e sókè, á wò ó, á mi orí bí ẹni tó ríran. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe aago náà: ó ti kú. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló kú, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀, nítorí òkú tó bá ń dán, wọn kì í tètè sin ín.

Kí wá ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi aago ṣe? Òfin iṣẹ́ wọn sọ ọ́ kedere. Nọ́ọ̀sì á dúró ti aláìsàn, á dojú kọ àyà rẹ̀, á máa ka bí àyà náà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, á wá kọ iye èémí náà sínú ṣáàtì, ìwé tí wọ́n há sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á mí bíi méjìlá sí ogún. Bó bá fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan ń bọ̀ nìyẹn, kí wọ́n yára pe dókítà. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn létí. Ṣùgbọ́n Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin ní bẹ́ẹ̀dì méjìlélọ́gbọ̀n, ó ní nọ́ọ̀sì méjì, ta ló wá ráyè ìṣẹ́jú kan tó máa fi wo àyà ọkọ ọlọ́kọ? Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi dá ọgbọ́n kan, tí Ìbídùn sọ ọgbọ́n náà di àṣà, tó sì sọ àṣà di òfin: kọ ogún. Ẹni tó sanra, ẹni tó rù, ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde níbi iṣẹ́ abẹ, ogún ni gbogbo wọn ń mí. Ọba Òkè dá ènìyàn ní oríṣiríṣi, Ìbídùn sọ wọ́n di ọ̀kan. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láàárọ̀, tó ti ń jẹ iyán nílé rẹ̀ lọ́sàn-án, síbẹ̀ ṣáàtì rẹ̀ jẹ́rìí pé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí ogún, kò sì ráhùn. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti mọ ìdáhùn kó tó bi wá ní ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ayé kì í fi akin sílẹ̀ kó sinmi. Òfin mìíràn wà, òun ni pé ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n dán an wò, kó gba sátífíkéètì, kí wọ́n tó sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun. Ìbídùn ti ń sá fún un bí ìyàwó tuntun ṣe ń sá fún ojú àna. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ní wọ́ọ̀dù kún. Ó ní òun ń palẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ òun mọ́, ọmọ náà sì ti bí ìbejì. Nígbà tó fi máa yẹ ìwé wò, ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí láísẹ́ǹsì náà kú. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè é sí kọ̀rọ̀.

"Mà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá ti kú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Màá gba kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tún kàn lẹ́yìn ti ọ̀sẹ̀ yìí, ó di oṣù mẹ́fà."

Oṣù mẹ́fà nílé, kí aṣọ tó mu ṣítáàṣì máa rọ lórí okùn; kí ọmọ Ẹ̀ṣọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa ka ewúrẹ́ tó ń kọjá, kí ọmọdé kan sì máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìbídùn ní ó sàn kí òun lọ. "Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi tí mi ò tíì mọ̀ tí mo sì ti gbàgbé?" ló wí, ó há aago òkú mọ́ àyà, ó dìde ogun.

Gbọ̀ngàn kan ní ìlú kejì ni ibùdó ogun náà. Nọ́ọ̀sì mẹ́tàlélógójì ló pé jọ síbẹ̀ láti ìlú méje. Bàbá Làmídì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà, ló ń ṣí géètì fún wọn. Ó ń wúkọ́. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá ayé," ló ń wí fún kálukú, á wúkọ́ sí ọwọ́ òsì, á fi ọwọ́ ọ̀tún di géètì mú. Gbogbo wọn ló dá a lóhùn pé, "Ẹ ǹ lẹ́ o, Bàbá," gbogbo wọn ló sì sáré kọjá lára rẹ̀ lọ du ìjókòó abẹ́ fáànù.

Olùkọ́ tí wọ́n rán wá ni Ọ̀gbẹ́ni Adétòrò, ọmọkùnrin kúkúrú olójú dígí, tí Ìbídùn fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ní Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju aláìsàn lọ. Bó ti rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

"Adétòrò, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Ìjọba ló rán mi, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Dìde, kí aṣọ rẹ má dọ̀tí. Má sì jẹ́ kó pẹ́, mi ò tíì jẹun."

Ọjọ́ Ajé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìṣẹ́gun gan-an ni wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Adétòrò ta aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì kan ká ní igun gbọ̀ngàn, ó ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú yẹ aláìsàn tó wà níbẹ̀ wò, kó kọ ohun tó bá rí sínú ṣáàtì. Ọmọlángidi onírọ́bà ló tẹ́ síbẹ̀, ó gan bí igi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹja orí igbá, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé àyà. Ìdánwò ọmọdé ni: kí nọ́ọ̀sì wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó jáde wá sọ pé ọmọlángidi ni. Àwọn ogójì ló kọ́kọ́ wọlé, ogójì ló sì jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó wá kan ọmọ Ọládòṣù. Ó wọlé bí erin ṣe ń wọ odò, tí omi ń yàgò fún un. "Ẹ kú ara líle o, Bàbá. Ara ti ń le?" ló bi ọmọlángidi. Kò dúró gbọ́ èsì, nítorí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò tíì sí èsì tó yí ohun tó fẹ́ kọ padà. Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì gún régé, ó fọwọ́ gbá ẹsẹ̀ rọ́bà náà pẹ́pẹ́, ó gbé aago òkú sókè, ó wò ó, ó mi orí. Ó kọ ọ́ pé ìgbóná ara dáa, ìlù ọkàn dáa, èémí jẹ́ ogún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kọ ọ́ pé: "Ara aláìsàn ń yá. Kò ráhùn kankan." Ó buwọ́ lù ú, ó yan jáde. Òótọ́ ló kọ. Kò ráhùn.

Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré méjì tó kù wọlé tẹ̀lé e, wọ́n rí ohun tí àgbà kọ, wọ́n dà á kọ. Ibi tí erin bá gbà kọjá, ọ̀nà ni.

Adétòrò ìbá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Sístà Bọ́lájókò ti rí ṣáàtì. Bọ́lájókò yìí, òun àti Ìbídùn ló jọ jáde nílé ẹ̀kọ́, Ọlọ́run kò sì fi ìlẹ̀kùn sí i lẹ́nu.

"Ìbídùn, mo gbọ́ pé ara aláìsàn rẹ ń yá. Ìgbà wo lo máa dá a sílẹ̀ kó lọ máa bá aya rẹ̀ nílé?"

"Bọ́lájókò, fi mí sílẹ̀."

"Ó ní kí n kí ọ ni. Ó ní látọjọ́ tí wọ́n ti rọ òun ní ilé iṣẹ́, ìwọ nìkan ló tíì bi òun bóyá ara òun le."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Adétòrò pe Ìbídùn àtàwọn ọmọdé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kò lè wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọjọ́ náà. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo nọ́ọ̀sì yóò ka èémí ènìyàn gidi, kò sì sí ìgbà kẹta fún ẹni tó bá ti kùnà nígbà kìíní. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá tún kùnà, kí wọ́n máa lọ ilé, ó di oṣù mẹ́fà. Ìbídùn gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú àpò ẹlòmíì. Ó jókòó abẹ́ fáànù, òógùn bò ó. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Olúwa, ìwọ tí o ka irun orí gbogbo wa tí o kò fo ọ̀kan, dákun, ràn mí lọ́wọ́." Àdúrà tó bá ti inú ìtìjú jáde, kì í pẹ́ lọ́nà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ìrẹsì, ó yọ́ jáde lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agbòjò lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin náà fi dígí kékeré sí ojú kan, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá wa, èyí ti kú o. Ó sì ti pẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń fi í wò látọjọ́ yìí?"

"Mo ń fi í ṣiyì."

"Iyì náà ń fẹ́ bátìrì, mà," ni ọkùnrin náà wí, ó ki tuntun bọ̀ ọ́.

Abẹ́rẹ́ aago bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìbídùn dúró nínú oòrùn, ó ní kí òun wo bó ṣe máa yípo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá. Ewúrẹ́ kan dé etí ọ̀nà, ó rò ó, ó sọdá. Obìnrin kan kí i, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó lọ. Abẹ́rẹ́ náà kò tíì yípo tán. Ọmọ Ọládòṣù, tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ aláago, kò tíì mọ̀ rí pé bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọjọ́ ogun mọ́. Níwọ̀n bí ọmọlángidi ti dojú ti ènìyàn, Adétòrò bẹ Bàbá Làmídì aṣọ́géètì pé kó wá bá wọn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní ìyẹn ò le, ara òun ti ń wá ibi tó máa sùn sí tẹ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí wò fìrí, ó jáde. Èyí tún ìró ró níbẹ̀, ó jáde. Ogún ni wọ́n ń kọ, àfi àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn tó ń kọ méjìdínlógún, kó lè dà bíi pé wọ́n kà á. Bọ́lájókò jáde láàrin ìgbà tí ènìyàn fi lè sín lẹ́ẹ̀méjì.

Ìbídùn ló kẹ́yìn. Ó wọlé. Ó fa àga, ohun tí kò ṣe rí. Ó jókòó, aṣọ rẹ̀ ronú, ó tẹ̀. Ó yọ aago kúrò ní àyà bí akin ṣe ń fa idà yọ nínú àkọ̀, ó gbé e sí ọwọ́ òsì, ó dojú kọ àyà Bàbá Làmídì. Ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nípa àwọn tó fi odidi ọdún dó ti ìlú olódi, ẹ wá wo obìnrin tó dó ti àyà aṣọ́géètì fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kò tíì ju mẹ́wàá lọ tí eṣinṣin fi bà lé e nímú. Ó jẹ́ kó jókòó. Ìdí ń yún un lórí àga. Ó jẹ́ kó yún. Lẹ́yìn ìkélé, Bọ́lájókò ké pé, "Ìbídùn, ṣé o ti bá a sùn lọ ni?" ẹ̀rín ta, akin kò wẹ̀yìn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ aago dé ìdajì, ọ̀tá tó le jù yọ sí i láti inú orí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó ti tó. Ta ló ń wò ọ́?" Ọ̀tá yìí ti borí ọ̀pọ̀ alágbára. Ó ti mú kí aṣọ́bodè sùn lọ, ó ti kọ́ akọ̀wé ní irọ́ pípa. Ìbídùn tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń kà lọ. Bó sì ti ń kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò rí rí láti ọjọ́ pípẹ́: ó rí i pé ihò imú bàbá ń ṣí bí ẹnu ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, pé ihà rẹ̀ ń wọlé láàrin egungun, pé ètè rẹ̀ gbẹ. Abẹ́rẹ́ yípo. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Bírò kọ̀. Bírò ti mọ ogún láti ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ti ya orí rẹ̀ sórí ìwé kí Ìbídùn tó gbá a mú. Ó fi ìlà pa á. Ó kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sì jáde bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀.

Adétòrò jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ìwé ìdáhùn tó ti kọ sílẹ̀ láti ilé yẹ ṣáàtì wọn wò. Ogún, ó gbà á. Ogún, ó gbà á. Méjìdínlógún, ó gbà á. Nígbà tó dé ti Ìbídùn, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Mà, ẹ forí jì mí. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́."

Oṣù mẹ́fà, ewúrẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlòmíì ìbá yíjú padà, kó gba ọfà náà lẹ́yìn, kó máa sunkún lọ sílé. Ìbídùn dìde.

"Adétòrò, ìwọ kà á, mélòó ni?"

"Ó wà nínú ìwé ìdáhùn, mà. Ogún ni."

"Mi ò bi ìwé. Ìwọ ni mo bi. Mélòó lo kà?"

Ọmọkùnrin náà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mi ò kà á, mà."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ogún ni?"

Nígbà tó máa sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ọmọ tó ń jẹ́jọ́ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, mà. Ní Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ẹ ní, 'Adétòrò, bó bá ti ní imú, ogún ló ń mí.'"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Bọ́lájókò pàápàá ń wo ilẹ̀. Iwájú gbangba ni ọfà náà ti ba ọmọ Ẹ̀ṣọ́, láàrin àyà, níbi tí aago máa ń wà. Ó dúró ṣinṣin, ó gbà á. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sídìí tábìlì, ó fi aago náà lé Adétòrò lọ́wọ́.

"Òótọ́ lo wí. Mo kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Gba aago yìí, ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Wá ká jọ kà á."

Wọ́n ká aṣọ ìkélé kúrò. Nọ́ọ̀sì mẹ́tàlélógójì yí bẹ́ẹ̀dì po. Adétòrò ń ka jáde ní ohùn rara, àwọn tó kù bá a gbè é, bí ìgbà tí ìjọ ń ka ìwé Sáàmù. Wọ́n ka ogún kọjá, abẹ́rẹ́ aago sì ṣì ní ọ̀nà tó jìn láti rìn. Ohùn wọn ń rẹlẹ̀ sí i bí iye náà ṣe ń ga. Nígbà tí wọ́n dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí abẹ́rẹ́ yípo, ohùn tó kù kò ju ti ẹni mẹ́ta lọ.

Bàbá Làmídì la ojú. "Ṣé mo lè dìde? Òtútù ń mú mi."

"Bàbá, láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?" ni Ìbídùn bi í. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

"Láti ọjọ́ Àìkú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Gbogbo wa ni nọ́ọ̀sì."

"Mo ń ṣí géètì fún yín láràárọ̀, mo sì ń wúkọ́. Mo rò pé ẹ gbọ́." Bàbá fa búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbọ́ pé ẹnì kan nínú yín bi ọmọlángidi bóyá ara rẹ̀ le. Mo ní ó dáa náà, á tó kan èmi."

Wọ́n gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà ní òtútù àyà ni, ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká kú sí ẹnu ọ̀nà ilé oníṣègùn.

Adétòrò fa ìwé ìdáhùn rẹ̀ ya. Títí oòrùn ọjọ́ Ẹtì fi kan àtàrí ni nọ́ọ̀sì méjìlélógójì fi jókòó lójúkojú ní méjì-méjì, tí wọ́n ń ka èémí ara wọn, tí Ìbídùn ń rìn láàrin wọn pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá Bọ́lájókò padà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, sátífíkéètì ti wà nínú àpò Ìbídùn. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ yè nígbà tó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kó kú. Kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù kò sì kúrò lọ́wọ́ ọmọ Ọládòṣù.

Ó wọ iṣẹ́ ọ̀sán ní ọjọ́ Ajé. Ìròyìn ti ṣíwájú rẹ̀ dé, wọ́n sì ti fọ wọ́ọ̀dù mọ́ de akin. Ó gbé ṣáàtì bẹ́ẹ̀dì kìíní wò: èémí, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ fò. Ó gbé ti ìkejì: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó gbé ti ìkẹta, tí ọkùnrin tó ni ín jókòó ti ọsàn, tó ń bó o jẹ: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Títí dé bẹ́ẹ̀dì kejìlélọ́gbọ̀n, bákan náà ni gbogbo wọn ń mí.

"Ta ló kọ èyí?"

Nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kúnlẹ̀, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ kú oríire. A gbọ́ pé òun lẹ fi borí."

Ìbídùn kò bú u. Ta ni yóò bú? Ó padà sí bẹ́ẹ̀dì kìíní, ó fa àga, ó fa ọmọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ idà.

Nítorí náà, kí ó di mímọ̀ fún ọba àti ìjòyè, fún ará oko àti ará ọjà, fún gbogbo ẹni tó ní àyà tó ń gòkè tó ń sọ̀, pé ní ọjọ́ Ajé yìí, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní àkókò náà gan-an tí aago kan kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn tí kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀, Ìbídùn Àwẹ̀ró, àràbà inú aṣọ funfun, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀, ọmọ awẹgbò, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ tó gba ọgbẹ́ níwájú, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì kìíní nínú méjìlélọ́gbọ̀n, kò sáré, kò fojú bù ú, kò sọ ìdajì di odidi. Kí wọ́n fọn kàkàkí. Kí ìlú dákẹ́ gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan mí, nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀ tó kà á.